Ẹ Gbé Ìṣòro Síwájú Ọmọ, Ẹ Má Gbé Àwòkọ Síwájú Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ wa, ọmọ ọdún méjìlá lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ayùn, kí ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì gba máàkì tó jọjú lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ti fi ayùn gé igi rí. Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi líle wà, igi rírọ̀ sì wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé irú èwo ni wọ́n fi kan bẹ́ǹṣì tí ó jókòó lé, yóò máa wo ojú yín. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Basic Technology, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ àdàkọ: kí olùkọ́ kọ nóòtì sójú pátákó, kí ọmọ dà á kọ, kí ó há a sórí, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ bí ìdánwò bá ti parí.

Kì í ṣe pé àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ kò rò ó dáadáa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní ọdún 1982, èrò wọn ni pé gbogbo ọmọ tó bá wọ JSS, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ìbáà jẹ́ ẹni tí yóò di lọ́yà tàbí ẹni tí yóò di káfíńtà, gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin, iná mànàmáná, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àwòrán iṣẹ́. Introductory Technology ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà nígbà náà, Intro Tech ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìjọba ra àwọn ẹ̀rọ ńláńlá láti òkè òkun fún un. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹ̀rọ náà kò jáde rárá nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, nítorí pé níbòmíràn kò sí iná, níbòmíràn kò sí ilé tí wọn ì bá gbé wọn sí, níbi púpọ̀ kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Láti ìgbà náà ni àwáwí kan ti ń lọ láti ẹnu olùkọ́ kan dé ẹnu òmíràn: kò sí ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ nóòtì.

Èmi kò gbà pé ẹ̀rọ ni olórí ohun tí a ṣaláìní. Ohun tí a ṣaláìní ni ìṣòro gidi tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yanjú. Kódà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ayùn, òòlù àti fáìsì lórí tábìlì, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí olùkọ́ gbé àpótí ìjókòó kan síwájú kíláàsì kí ó sì ní kí gbogbo wọn ṣe irú rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ yóò ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà àdúgbò kí ó bá wọn ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó béèrè pé kí wọ́n ronú. Ẹ wá wò ó bí olùkọ́ kan náà bá sọ pé orúnkún ń dun ìyá tí ń gbá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, kò lè jókòó sórí àpótí kúkurú kí ó tún dìde láìdi ohun kan mú, ẹ lọ bá a kí ẹ wá sọ fún mi bí ìjókòó tirẹ̀ ṣe yẹ kí ó rí. Lójú ẹsẹ̀ ni rúlà yóò ti jáde. Wọ́n ní láti kí ìyá náà, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n wọn gíga láti gìgísẹ̀ rẹ̀ dé kókó orúnkún, kí wọ́n béèrè bóyá yóò máa gbé ìjókòó náà kiri tàbí yóò fi í sí ojú kan. Káfíńtà àdúgbò kò lè bá wọn dáhùn èyí, àwọn ni wọ́n lọ bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún JSS2 ni ohun ìfọwọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìṣòro náà wà lójú gbogbo wọn: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, omi ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì jáde láti inú rẹ̀ yóò fi ọwọ́ tó dọ̀tí di ife tí gbogbo ènìyàn fi ń bu omi mú. Mo ní kí wọ́n ṣe ohun tí ènìyàn yóò fi fọwọ́ láìfi ọwọ́ kàn án, tí ọmọ JSS1 tó kúrú jù lè lò láìnàgà, tí kò sì ní gbà wá ju kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún, okùn, igi mélòó kan àti ìṣó lọ. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé káàkiri Áfíríkà, àmọ́ n kì í fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n títí wọn yóò fi gbìyànjú tiwọn. Lápapọ̀, ọ̀pá kan ni yóò gba inú etí kẹ́ẹ̀gì kọjá láti gbé e kọ́ sáàárín òpó méjì, okùn kan yóò ti ọrùn kẹ́ẹ̀gì wá sí orí igi tí ó wà nílẹ̀, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ igi náà yóò mú kí kẹ́ẹ̀gì dorí kodò díẹ̀, omi yóò sì jáde láti ojú ihò tí a lu sí i lára.

Ibi tí ihò yìí yóò wà ni àríyànjiyàn ti máa ń gbóná. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, omi yóò máa ṣàn kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, títí omi inú kẹ́ẹ̀gì yóò fi wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ihò. Bí ó bá wà lókè nítòsí ẹnu, kẹ́ẹ̀gì yóò gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá ti dín kù, àfi kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rẹ̀ dé kí ó tó lè jáde, okùn kò sì ní lè fà á débẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìṣó ńlá lu ihò, omi yóò tán kí ọmọ mẹ́wàá tó fọwọ́; bí wọ́n bá fi èyí tó kéré jù lu ú, ọṣẹ kò ní kúrò lọ́wọ́. Kò sí èyí tí kò ní àléébù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní láti yan àléébù tí wọ́n lè fara mọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Lójú tèmi, wákàtí kan tí àwọn ọmọ fi ń jiyàn báyìí, tí wọ́n ń da omi, tí wọ́n ń wọn gíga, tí wọ́n ń pa iye tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ju nóòtì sáà kan lọ.

Mo rántí ẹgbẹ́ kan tí tiwọn kì í yọ omi dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, omi yóò jáde díẹ̀, yóò dáwọ́ dúró, yóò tún jáde. Gbogbo wọn kórí jọ sídìí ihò, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn mú un fẹ̀ sí i. N kò dá wọn lẹ́kun, mo kàn béèrè pé ihò mélòó ni wọ́n máa ń lu sí agolo mílíìkì nílé.

"Méjì, Sà."

"Kí ni ìkejì wà fún?"

Ọmọbìnrin kan nínú wọn kò dáhùn. Ó na ọwọ́ sí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó tú u díẹ̀, ó ní kí ẹnì kejì òun tẹ igi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ geere. Ariwo tí wọ́n pa mú kí olùkọ́ kíláàsì kejì yọjú. Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọ nóòtì nípa afẹ́fẹ́ àti bí ó ṣe ń ti omi sójú pátákó, mo sì rí i pé wọ́n ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó ti mọ̀.

Ẹgbẹ́ mìíràn kò gba inú etí kẹ́ẹ̀gì kọjá, wọ́n so ọ̀pá mọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, súnmọ́ ìdí. Bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ̀gì dojú dé, kò sì padà, gbogbo omi náà dànù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìwúwo omi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀pá tó gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́, nítorí ìwúwo yẹn ni yóò dá a padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òpó. Igi arère fúyẹ́, ayùn ń gé e wẹ́rẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ikán àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nínú ilẹ̀; ìrókò lè pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó wọ́n, ó sì ń dá ọmọ lápá nígbà tí ó bá ń gé e. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti tọrọ ọ́ìlì tí ó yọ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n fi kun ìdí òpó, a sì jókòó sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ọ́ìlì náà yóò ṣàn sí nígbà òjò. Àwọn mìíràn tọrọ àjákù páìpù irin. N kò sọ èyí tó dára jù fún wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ kí wọ́n tó dàgbà. Nítorí náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé iṣẹ́ tirẹ̀, tí mo ti ní kí ó má ṣe ya ojú ewé kankan kúrò nínú rẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí kò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ àti ohun tí wọ́n yí padà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ṣòro láti mú kí wọ́n gbà á, nítorí pé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ wọn pé ìwé tó mọ́ tónítóní ni ìwé ọmọ rere. Àwọn òbí náà máa ń béèrè ìdí tí ìwé ọmọ àwọn fi kún fún àpàrẹ́. Mo máa ń ṣí i fún wọn ní ojú ewé kan sí èkejì, kí wọ́n lè rí ọ̀nà tí ọmọ náà gbà.

Àwòrán iṣẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń fi T-square fìyà jẹ ọmọ. Ọmọ tí a ní kí ó ya ojú iwájú, ojú òkè àti ẹ̀gbẹ́ ohun kan tí kò rí rí yóò máa fa ìlà lásán. Èmi máa ń fún wọn ní àpótí ìṣáná tàbí páálí ṣúgà, wọn yóò gbé e sórí ìwé, wọn yóò wò ó láti òkè tààrà, láti iwájú tààrà, láti ẹ̀gbẹ́ tààrà, kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Lẹ́yìn náà ni a tó dé orí àwòrán tí ó fi gbogbo ojú mẹ́ta hàn pọ̀, tí a ń fa ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 30 láti ilẹ̀. Bí àwòrán ẹgbẹ́ kan bá ti parí, mo máa ń gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn pé kí wọ́n fi gé páálí láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Bí ohun tó jáde kò bá jọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n á mọ̀ fúnra wọn pé ìwọ̀n kan sọnù nínú àwòrán.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò gbà ju wákàtí kan lọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ní ohun ńlá. Kí wọ́n fi ìṣó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rin, kí wọ́n tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: yóò wọ́. Kí wọ́n kan igi karùn-ún sí i láti igun kan dé igun kejì: kò ní mì mọ́. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ kí wọ́n lè wo igi òrùlé, wọn á sì máa ka onígun mẹ́ta fún ara wọn láìjẹ́ pé mo rán wọn. Òmíràn ni síríńjì méjì, ọ̀kan 5 ml, èkejì 20 ml, tí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀, tí a sì rọ omi kún. Bí a bá tẹ kékeré, ńlá yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi gbé ẹrù yóò ju ti ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Páálí àti síríńjì yìí ni wọ́n fi ń ṣe apá katapila. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rọ́bà, apá náà yóò máa rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò sì ṣeé fún pọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì kan nínú kíláàsì ló sọ fún àwọn yòókù pé ìdí nìyẹn tí bàbá òun fi máa ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mẹkáníìkì yìí mú mi dé orí èdè. Yorùbá ni àwọn ọmọ fi ń jiyàn nídìí iṣẹ́, n kì í sì í dá wọn dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí èmi náà ń rí ní kíláàsì nìyẹn. Ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì pọ̀ nípa ohun tí ó ṣe yóò fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti yé e tán, a ó jọ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò kọ sínú ìwé.

Èdè kan náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ń sọ, mo sì ka àwọn yẹn sí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo máa ń bẹ káfíńtà kan kí ó wá fi wákàtí kan hàn wọ́n bí a ṣe ń di ayùn mú, bí a ṣe ń jẹ́ kí ayùn fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìfi ipá tì í, àti ìdí tí a fi ń gé igi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, tí a kì í gé e sórí ìlà. Bàbá Káfíńtà ni wọ́n ń pè é, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í fara balẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ń bọ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa máa san owó díẹ̀ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí a ń lò. Ó yẹ kí a sì máa wo ẹni tí ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ni yóò gé igi, àwọn ọmọbìnrin ni yóò kọ ìwé. Èmi máa ń yí iṣẹ́ náà padà láàárín wọn, kò sì sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀.

Ní ti ààbò, òfin díẹ̀ ni mo ní, n kò sì yẹ̀ lórí wọn. A kì í gé ohunkóhun síhà ara. Irun àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ di pọ̀. Ìṣó gbígbóná tí a fi ń lu ike, ọwọ́ mi nìkan ni ó ń wà. Iná tó wá láti ara ògiri kì í wọ iṣẹ́ wa. Bátìrì nìkan ni a ń lò.

Ohun tó le jù lọ ni bí a ó ṣe fún wọn ní máàkì, pàápàá nínú kíláàsì tí ọmọ ibẹ̀ ju àádọ́ta lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Design and Technology, ẹ̀kọ́ tó jọ tiwa yìí, ti di ara ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀ láti ọdún 1990, ìdajì máàkì GCSE rẹ̀, ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọdún 16, lóde òní ló wà lórí iṣẹ́ kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe: ìwádìí rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ohun tó ṣe, àti bí ó ṣe dán an wò. Àwọn náà ní ìṣòro tiwọn, nítorí pé láti ọdún 2004 tí ẹ̀kọ́ náà kò ti jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 16 ni iye àwọn tó ń ṣe é ti já wálẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì yẹn tọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ohun tí ọmọ há sórí ni a ń san máàkì fún, há-há náà ni olùkọ́ yóò máa kọ́. Nínú máàkì tí ó wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi ní sáà kọ̀ọ̀kan, ìwé iṣẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, ohun tí wọ́n ṣe ló tẹ̀ lé e, ẹwà rẹ̀ ló kẹ́yìn.

Mo ń kọ èyí lásìkò yìí nítorí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025, tí ó fi àwọn iṣẹ́ bíi títo sólà, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti aṣọ rírán kún ohun tí ọmọ JSS lè yàn. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé a ó tún ra páńẹ́ẹ̀lì sólà, a ó tì í mọ́ yàrá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó má baà bàjẹ́, ọmọ yóò sì máa ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ohun tí àwọn ọmọ lè tú kí wọ́n sì tún tò ni kí ẹ rà, bí kò tilẹ̀ ju páńẹ́ẹ̀lì kékeré, gílóòbù kan àti mítà tí a fi ń wọn iná lọ. Ẹ fún olùkọ́ ní píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra, nítorí pé ogójì ìṣẹ́jú kò tó láti kó irinṣẹ́ jáde, kí a lò ó, kí a sì kó o padà. Ẹ gbà kí ilẹ̀ kíláàsì dọ̀tí.

Ní sáà tó ń bọ̀, ọjà Bódìjà ni JSS3 ń lọ, sọ́dọ̀ àwọn ìyá alátà àti alátòmátì. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń kó tòmátì wá láti Òkè Ọya, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì máa ń fọ́ lábẹ́ ìwúwo èyí tó wà lókè. Ìbéèrè tí wọn yóò gbé lọ ti wà nínú ìwé wọn: apẹ̀rẹ̀ kan ń wúwo tó báwo, èélòó ni wọ́n ń rà á, kí ni wọ́n ń fi í ṣe bí ó bá ṣófo, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn kò lo àpótí oníke. Mo ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àwòrán kankan kí àwọn ìyá náà tó dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí.